Fàdákà Méjìlá fún Ibùsùn Ọmọ

Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún

Dókítà ní kí n dùbúlẹ̀. Kò ní kí n sinmi, kò ní kí n rọra máa ṣe. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ títí oyún yìí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógójì, kí n má dìde àfi tí mo bá fẹ́ lọ sí balùwẹ̀. Mo bi í pé ta ni yóò máa rán aṣọ àwọn oníbàárà mi. Ó wò mí títí. "Ìyá," ó ní, "ṣé aṣọ lẹ fẹ́ bí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Inú mọ́tò ni mo ti sunkún.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fún ọkọ mi nígbà tí a délé: ohunkóhun tó jẹ́ ti ọmọ kò gbọdọ̀ wọ ilé yìí kí ọmọ fúnra rẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Fìlà o, ìbọ̀sẹ̀ o, n kò fẹ́ rí i. Ó mọ ohun tí mo ń sọ. Òun náà ló gbé ibùsùn tí a rà de oyún ìṣáájú jáde lójúmọmọ, tó fi tọrẹ, tí àwa méjèèjì kò sì tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀

Òjò. Búrẹ́dì ti gòkè. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń wò mí láti igun yàrá, mo ní kí ọkọ mi fi aṣọ bò ó lójú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Tíṣà ni ọkọ mi, kò sì lè rí ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ kó má wá nǹkan tí yóò fi dà á láàmú. Ó gbé àpótí eré kan jáde tí òun àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe. Báyìí ló rí: kálukú yóò sọ ara rẹ̀ di ẹlòmíràn, ní ìlú kan tí kò sí níbì kankan. Ọkọ mi á sọ ohun tí a rí, àwa á sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, dáìsì, bíi ti lúdò, á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́.

Mo yan olè. Ẹnu ya ọkọ mi, ó rò pé n ó ní télọ̀ ni mí. Télọ̀ kẹ̀? Olè ń sáré, olè ń gun ògiri, olè kì í dùbúlẹ̀ láàárọ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ń ta epo ní ilé epo yan jagunjagun. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, àwọn awakọ̀ tó ń bá fa ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ti kọ́ ọ níṣẹ́.

Bàbá Káfíńtà, tí ògiri kan péré là sáàárín ilé wa àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wá dá àkàbà wa padà. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, bí ó bá wá dá nǹkan padà, ó máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ọkọ mi fà á jókòó.

"Ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ jẹ́, Bàbá. Jagunjagun wà, oṣó wà, olè wà."

"Káfíńtà ni mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Àmọ́ nínú eré ńkọ́?"

"Nínú eré náà, káfíńtà ni mí. Àbí àwọn ará ìlú yẹn kì í jókòó lórí àga ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Nínú eré, a pa dírágónì, ẹranko abìyẹ́ tó ń ṣọ́ wúrà nínú ihò. Àbúrò mi ló fi idà gún un. Bàbá Káfíńtà ló kan pákó dí ẹnu ihò náà kó má baà fò lọ, ó sì bínú pé wọn kò fún òun ní ìṣó tó pọ̀ tó. Wúrà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta la bá níbẹ̀. Àbúrò mi fò sókè, ó ń jó. Mo bi ọkọ mi pé kí ni wúrà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lè rà.

"Ó pọ̀ o."

"Mo ti gbọ́ pé ó pọ̀. Búrẹ́dì mélòó?"

Ó mú ìwé iye-owó jáde, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀. Bàbà mẹ́wàá ni fàdákà kan, fàdákà mẹ́wàá ni wúrà kan. Búrẹ́dì, bàbà méjì. Idà, wúrà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oògùn ìwòsàn, wúrà àádọ́ta. Mo ní ta ló dá iye wọ̀nyí. Ó ní òun ni. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní ó kàn dùn létí òun ni.

Ó dùn létí! Èmi tí mo mọ̀ pé bí mo bá fi àṣìṣe pe owó ìránṣọ kan, oṣù yẹn kò ní parí síbi tó dára. Mo sọ fún un pé owó tí èèyàn kò lè fi wé òógùn ara rẹ̀, òkúta lásán ni. A jọ rò ó títí tíì inú ife wa fi tutù, a sì fẹnu kò: fàdákà kan ni owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, fún ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ tó sì ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́. Búrẹ́dì márùn-ún nìyẹn. Níbí gan-an, owó ọjọ́ kan mi máa ń ra mẹ́fà, àfi ìgbà tó gòkè lọ́sẹ̀ tó kọjá tó di márùn-ún. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, ìlú tó wà àti ìlú tí kò sí ti ń jẹ búrẹ́dì ní iye kan náà.

Bí a ṣe rí òṣùwọ̀n báyìí, ojú wa là. Idà kan, iṣẹ́ àádọ́jọ ọjọ́. Oògùn ìwòsàn, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọjọ́! Abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń gún mi nítorí oyún yìí, owó ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀kan, mo sì ń ráhùn. Wúrà dírágónì ńkọ́? Ó lé ní ọgọ́rin ọdún iṣẹ́, láìsinmi ọjọ́ kan.

"Bùọ̀dá," àbúrò mi ní, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé dírágónì mìíràn wà nítòsí?"

Ọjọ́ Ẹtì

Àbúrò mi ń ná wúrà dírágónì. Ó wọ ilé àlejò, ó ju wúrà kan sórí tábìlì fún oorun alẹ́ kan, ó ní kí wọ́n di ṣéńjì mú. Gbogbo abúlé ló gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, búrẹ́dì ti di fàdákà kan, ọkọ mi sì ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Bàbá Káfíńtà kò fọwọ́ kan wúrà yẹn rárá, ó ní òun kò ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ fi owó ọjọ́ rẹ̀ ra búrẹ́dì, ọ̀kan péré ni wọ́n fún un.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó sọ fún àbúrò mi, ojú rẹ̀ le koko, "lánàá mo jẹun yó. Lónìí ebi ń pa mí, n ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kó wúrà rẹ padà sínú ihò."

"Ẹ má bínú sà. Eré ni o."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Ebi ń pa mí."

Wọ́n kó o padà sínú ihò. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi ní kí n rọra, kí n rántí ikùn mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọ̀sẹ̀ tí oyún ìṣáájú bàjẹ́ lọ́wọ́ mi nìyí. N kò fẹ́ eré.

Ọjọ́rú

Ó ń yí. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ó ń yí.

Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

A ti kọjá rẹ̀. Mo jẹ ẹyin méjì. Ọkọ mi gbá yàrá yìí lẹ́ẹ̀mejì, ó ń súfèé, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń súfèé. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí ju bí mo ṣe máa ń sọ fún un lọ.

Ọjọ́bọ̀

Láti ìgbà tí a ti ní òṣùwọ̀n, kíka ìwé iye-owó ti dùn mọ́ wa ju ogun lọ. Ọkọ mi ń kà á fún wa, àwa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń fi gègé tún un ṣe. Ó kà dé "ibùsùn ọmọ, bàbà márùn-ún." Bàbá Káfíńtà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìdajì ọjọ́?"

"Ṣé ó kéré ni, Bàbá?"

"Tíṣà, ṣé o ti wo ibùsùn ọmọ dáadáa rí? Ọ̀pá ló yí i ká, orí ọmọ kò gbọdọ̀ lè bọ́ sáàárín wọn. Gbogbo ibi tí ọwọ́ ọmọ lè kàn, wàá fá a títí tí okùn òwú kò fi ní há síbẹ̀. Ìdajì ọjọ́! Ìdajì ọjọ́ kò tó wá pákó rẹ̀ lọ."

Ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ sílé. Ọkọ mi tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́ nítorí ọjà tí kò sí, ní ìlú tí kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n

N kò ní parọ́ fún ìwé ara mi. Mo fẹ́ ibùsùn ọmọ. Mo fẹ́ ẹ débi pé àyà ń dùn mí, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni bẹ̀rù ejò. Ṣùgbọ́n ìlú ọkọ mi kò sí lábẹ́ òfin mi. Bí mo bá ra ọ̀kan níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé e jáde lójúmọmọ.

Bàbá Káfíńtà ti yọ́ sí wa, ó wá lálẹ́. Mo ní, "Bàbá, olè yìí fẹ́ ra ibùsùn ọmọ lọ́wọ́ yín."

Àbúrò mi wo ilẹ̀. Ọkọ mi mú dáìsì, ó tún gbé e sílẹ̀. Bàbá Káfíńtà nìkan ni kò yí ojú padà.

"Èló lo fẹ́ san?"

"Fàdákà mẹ́rin."

"Méjìlá."

"Háà! Ẹ̀yin náà ti di dírágónì?"

"Ìyàwó, iṣẹ́ ọjọ́ méjìlá ni. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí fàdákà kan jẹ́ ọjọ́ kan."

Mo gbé e dé mẹ́fà. Ó ní méjìlá. Mo ní oníbàárà mìíràn kì í ná ọjà báyìí, ó ní káfíńtà mìíràn ni kí n lọ bá. Káfíńtà mìíràn kò sí nínú eré náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ayùn! Láti àárọ̀ ni ó ti ń ké lẹ́yìn ògiri, tí ó bá dákẹ́, ọ̀bẹ ìfápákó á gbà á. Ọmọ inú mi ń fò pẹ̀lú rẹ̀. Mo rán ọkọ mi lọ kí ó bá mi bẹ Bàbá Káfíńtà, kó jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní Bàbá ní kí n má bínú, iṣẹ́ oníbàárà kan ni, òun ó máa ṣe é láàárọ̀ nìkan.

"Oníbàárà wo?"

"Ó ní ẹnì kan tí kò tíì san kọ́bọ̀ ni."

Àánú bàbá náà ṣe mí. Ayé yìí, wọ́n á mọ̀ pé arúgbó ni, wọ́n á máa fi í ṣeré.

Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo bá Bàbá Káfíńtà wí. Mo ní kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń gbé irinṣẹ́ láìgba àsansílẹ̀, pé èmi kì í fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ ẹnikẹ́ni àfi tí mo bá rí owó. Mo ní oníbàárà burúkú ni ẹni yẹn, kí ó lọ bá a lójúkojú kó béèrè. Ó ń tẹ́tí gbọ́ mi bí ọmọ ilé ìwé.

"O ṣeun, Ìyàwó. N ó béèrè."

Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, ó kọjú sí mi. Ó ní kí olè san àsansílẹ̀ ibùsùn. Àbúrò mi fi ẹ̀rín ṣubú lórí àga. Ọ̀rọ̀ mi ló fi mú mi, kí ni n ó wí? Mo gbà fún méjìlá, mo sì na fàdákà mẹ́rin sí i nínú owó tí mo jí lápò ìjòyè kan.

"Rárá. N kò gba owó olè sórí iṣẹ́ mi."

"Bàbá, olè ni mí. Ibo ni n ó ti rí owó mìíràn?"

"Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Lọ ṣiṣẹ́."

Ọjọ́rú

Èmi tí mo sá fún abẹ́rẹ́ àti òwú, mo ti di télọ̀ ní ìlú tí kò sí. Mo ń rán ṣòkòtò fún àwọn ọmọ ogun àbúrò mi, ṣòkòtò kan lóòjọ́, fàdákà kan. Dáìsì ní mo fi abẹ́rẹ́ gún ìka lọ́jọ́ kìíní. Ọkọ mi ní kí n sọ bí mo ṣe ń rán an, nítorí náà mo pa ojú dé, mo sọ ọ́ láti orí ìwọ̀n dé orí bọ́tìnnì. Kò sí ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ mi. Ọwọ́ mi ń rìn lórí aṣọ ìbora bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Mo ní kí ọkọ mi ṣí aṣọ kúrò lójú ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo ti san fàdákà méje. Ooru mú. Ẹyin ti wọ́n, a ń jẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ayùn ti dákẹ́ báyìí, nǹkan kan ló ń ha pákó, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láàárọ̀. Mo bi Bàbá bóyá oníbàárà yẹn ti san nǹkan. Ó ní ó ń san díẹ̀díẹ̀, pé òun kò rí i bí ẹni burúkú mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n

Ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí. Ọkọ mi wọ bàtà méjì tí kò jọra, kò sì tíì mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọmọ ṣì wà. Mo tún un kọ: ọmọ ṣì wà. Nọ́ọ̀sì jẹ́ kí n gbọ́ àyà rẹ̀ tó ń lù kìkìkì. Wọ́n sọ iye abẹ́rẹ́ tuntun fún wa, owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà mi ni ọ̀kan. Ọkọ mi ti lọ ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ta bàtà àlòkù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọjọ́ fún oògùn ìwòsàn, òun ti wá rí i pé òun kò kọ ọ́ ní ọ̀wọ́n jù.

Bàbá Káfíńtà jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá láti àná, wọn kò jẹ́ kó wọlé nítorí kì í ṣe ẹbí. Àbúrò mi ní ó ti sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé òun ni bàbá mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n

Mo ti padà sórí ibùsùn mi. Mo san ìyókù lónìí, fàdákà méjìlá pé, owó iṣẹ́, kò sí ti olè nínú rẹ̀. Bàbá Káfíńtà nawọ́ gbà á bí ẹni pé nǹkan kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Mo gbà á. Ó kù kí ẹni tó ni ín dé."

Ọkọ mi ní eré ti tán fún òní. Bẹ́ẹ̀ oorun kò tíì kùn ún.

Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì

Ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò dúró dé ọjọ́ dókítà. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kìíní

Mo tún kíka ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ti ọmọ tó ti jáde sáyé ni èyí.

Obìnrin ni. Ó kéré, àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì ló gbà á tán, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tó ti àbúrò mi ní ilé epo. Nígbà tí wọ́n gbé e lé mi láyà, mo ké bí ọmọdé, dókítà sì ní, "Ìyá, ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe aṣọ?"

Wọ́n dá wa sílẹ̀ lónìí. Mo ní kí ọkọ mi kọ́kọ́ gbé e wọlé, nítorí òfin mi, kó lè jẹ́ pé ọmọ ló ṣáájú ohun gbogbo. Ó gbé e wọlé. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé, wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Bàbá Káfíńtà ni, òun àti àbúrò mi, wọ́n gbé nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ bò. Mo mọ̀ ọ́n kó tó ṣí i. Mo mọ ayùn yẹn tí mo ní kí wọ́n lọ dá dúró. Mo mọ ohun tó ń ha pákó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láàárọ̀. Mo wo ojú ọkọ mi, ó wo òkè àjà, ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo rán an. Oníbàárà burúkú tí mo bú tẹnutẹnu, èmi ni.

Ọ̀pá rẹ̀ sún mọ́ra, orí ọmọ kò lè bọ́ síbẹ̀. Mo fi okùn òwú fà á yíká gbogbo etí rẹ̀, ìwà télọ̀ ni. Kò há síbì kankan.

"Bàbá, èló ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká san án díẹ̀díẹ̀."

Ojú rẹ̀ le bí ìgbà tí búrẹ́dì di fàdákà kan.

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì ni? Ọjọ́ méjìlá ni mo fi ṣe é, fàdákà méjìlá ni mo gbà. Ẹni tó bá gbowó ọjà gbọ́dọ̀ gbé ọjà jáde."

Mo ti bi ọkọ mi nígbà kan pé kí ni owó inú eré rẹ̀ lè rà. Èsì rẹ̀ nìyí níwájú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Búrẹ́dì tún ti gòkè, owó ọjọ́ kan mi kò ra ju mẹ́rin lọ.

Láàárọ̀ yìí, ayùn Bàbá Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn ògiri, àga ẹnì kan ló ń ṣe. Ọkọ mi sáré dìde, ó fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Mo dì í láṣọ mú, mo ní kó wo inú ibùsùn. Ọmọ tí ilẹ̀kùn ń ta jí, tí ṣíbí tó bá jábọ́ ń mú ké, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè orí, ó ń sùn lọ, ayùn ń ké. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.